Aránṣọ Tó Wọn Títì

Bí ẹ bá dé àdúgbò náà tí ẹ bèèrè aránṣọ yìí ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ọ̀pọ̀ ni yóò họrí fún yín. Rẹ́gí ni gbogbo ayé ń pè é. Aṣọ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, rẹ́gí ni yóò bá ẹni tó ni ín mu. Kò ní fún un láyà, kò sì ní ṣe gbàgẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ bíi pé ó yá a wọ̀ ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi jókòó sídìí maṣíìnì kan ṣoṣo nínú yàrá iwájú ilé ìyá rẹ̀, níbi tí fèrèsé ti kọjú sí títì. Láràárọ̀ ni yóò gbọn eruku ọkọ̀ kúrò lára gáùn àti ṣẹ́ẹ̀tì tó gbé kọ́, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọkọ kan ti fẹ́ ẹ rí, ó sì ti lọ tipẹ́. Bí wọ́n bá fi ọkùnrin náà dá a lápàárá, á ní nínú gbogbo ohun tí òun ti gbé wọ̀ láyé, ìyẹn nìkan ni kò bá òun mu.

Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbé ilé náà. Aránṣọ ni ìyá náà tẹ́lẹ̀, òun ló kọ́ ọmọ níṣẹ́, kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú díẹ̀díẹ̀ títí tó fi ṣú pátápátá. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí tí kò ti rí ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣi ẹnu pè é ní afọ́jú o, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀. Ilé yẹn wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìṣísẹ̀ méje láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ òsì lára ògiri, ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá dé ẹ̀yìnkùlé tí ilé ìwẹ̀ àti ṣáláńgá wà. Ó ń po tíì fúnra rẹ̀, ó ń fọ abọ́, ó ń ká aṣọ, ó sì mọ ibi tí símẹ́ńtì ti sán nílẹ̀ tó yẹ kéèyàn gbẹ́sẹ̀ sókè. Bí ọmọ rẹ̀ bá nawọ́ láti dì í mú, á gbá ọwọ́ náà dànù.

"Ṣé mo sọ fún ọ pé mo sọnù ni?"

Nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ríran, òfin kan wà tí kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbàgbé. Á ní, "Aṣọ méjì kì í pàdé létí-létí. Jẹ́ kí ọ̀kan gun èkejì díẹ̀, kí abẹ́rẹ́ lè rí nǹkan jẹ." Rẹ́gí gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi kúrò létí, ó sì wọ inú ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú ganrínganrín, ọkọ̀ ìjọba kan wá sí títì náà. Àwọn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ń wakọ̀, ọ̀kan ń fi ọ̀dà pupa sàmì sí ara ògiri, ọ̀kan ń jẹ ẹ̀pà. Wọn ò wọn nǹkan kan. Wọ́n kàn ń wo ilé láti inú ọkọ̀, wọ́n ń kùn ún, wọ́n ń lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ilé mọ́kànlélógójì ló ti gba àmì, wọ́n sì ti lẹ ìwé mọ́ òpó iná. Ìwé náà ní ìjọba fẹ́ fẹ títì náà kí ọkọ̀ mẹ́jọ lè máa gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé ilé tí ògiri iwájú rẹ̀ kò bá tó ẹsẹ̀ bàtà márùndínláàádọ́ta sí àárín títì, orí ilẹ̀ ìjọba ló wà. Wíwó ni wọn yóò wó o.

Ìyá wà nínú yàrá, ó gbóòórùn ọ̀dà.

"Ta ló ń kunlé?"

"Àwọn ará ìsàlẹ̀ ọ̀hún ni, Màmá."

"Ó mà dáa fún wọn o. Èyí tiwa náà fẹ́ kíkùn."

Rẹ́gí gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó jáde lọ wo àmì tó wà lára ògiri tirẹ̀. Ọ̀dà náà ṣì tutù, ó ń ṣàn wálẹ̀. Ẹ̀rù bà á, kì í sì í ṣe nítorí maṣíìnì, nítorí kò síbi téèyàn ò ti lè jókòó ránṣọ. Ìyá rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Bí wọ́n bá mú obìnrin náà kúrò nínú ilé yẹn, ọjọ́ náà gan-an ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́jú.

Gbogbo àdúgbò pé jọ sí kíláàsì kan nílé ìwé tó wà lẹ́yìn wọn. Àwọn àgbà fún ara wọn mọ́ bẹ́ǹṣì ọmọdé, orúnkún wọn ń kan àgbọ̀n. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ alága àwọn onílé, ló dúró níwájú pátákó. Inú ń bí wọn, ó sì tọ́ kó bí wọn. Àwọn kan ní kí àwọn lọ dùbúlẹ̀ sórí títì. Ṣùgbọ́n Tíṣà ti lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀hónú, ó sì ti gbọ́ ohun kan tó dára létí rẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n ní ká mú ìdiwọ̀n tiwa wá, nínú ọ̀sẹ̀ méjì. Ilé tó bá wà lẹ́yìn ìlà, wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kàn án. Bó bá sì jẹ́ pé púpọ̀ nínú wa ló wà lẹ́yìn ìlà, apá kejì títì tí kò séèyàn ni wọ́n máa gbé e gbà."

Ariwo ayọ̀ sọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bi ara wọn pé ta ni yóò wọ̀n ọ́n. Sọ̀féyọ̀ kan tí wọ́n lọ bẹ̀ ti ní iṣẹ́ ìjọba lòun ń jẹ, òun ò lè bá ọ̀gá òun jà. Bíríkìlà tó kọ́ ìdajì ilé àdúgbò náà ní tẹ́ẹ̀pù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà àkọ́kọ́ lára tẹ́ẹ̀pù ọ̀hún ti gé dànù, ẹni tó sì ni ín kò gé ẹnu tirẹ̀ rí, àsọdùn ni tirẹ̀. Bó ṣe ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wọ̀n ọ́n báyìí, wọ́n fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀.

"Ta ni kò lè parọ́ ìdiwọ̀n láàárín wa?" ni Tíṣà bèèrè.

Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kó parí rẹ̀. "Rẹ́gí! Rẹ́gí!" Orúkọ náà gba gbogbo kíláàsì kan. Obìnrin náà dìde, inú rẹ̀ dùn dé ọrùn. Kò sí ẹni tó ní kó wá fi tẹ́ẹ̀pù mìíràn wọ̀n ọ́n, òun náà kò sì wá òmíràn. Tẹ́ẹ̀pù ọrùn rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, ọlọ́gọ́ta ínṣì, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún péré, ni yóò lò.

Ọjọ́ Àìkú méjì ni wọ́n fi ṣe é, ní ìdájí kí ọkọ̀ tó pọ̀. Bíríkìlà ń ju aṣọ pupa sí àwọn awakọ̀, Tíṣà ń kọ iye sílẹ̀, Rẹ́gí ń fi orúnkún rìn lórí títì. Á na tẹ́ẹ̀pù láti orí ìlà funfun tó wà láàárín, á fi ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ fa àmì síbi tó parí sí, á tún gbé orí tẹ́ẹ̀pù wá síbi àmì náà, á fà á sẹ́yìn bí ìka méjì kó tó tún na ìyókù síwájú. Wéré wéré ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe é, bó ṣe ń ṣe é láti ọgbọ̀n ọdún. Tíṣà kò fiyè sí ìka méjì yẹn. Bíríkìlà kò fiyè sí i. Kí n má purọ́, òun gan-an tó ń ṣe é kò fiyè sí i. Orúnkún rẹ̀ bó, ó fi àkísà dì í, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ní ti ilé tirẹ̀, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ṣe ojúsàájú. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínláàádọ́ta àtààbọ̀ ló jẹ́ nígbà méjèèjì.

Nígbà tí Tíṣà ka gbogbo rẹ̀, ilé mọ́kàndínlógójì ló wà lẹ́yìn ìlà. Méjì péré ló bọ́ síwájú ìlà, ti onígbàjámọ̀ àti ti fọ́gánáísà, àwọn méjèèjì sì gbà pé òótọ́ ni, nítorí pé àwọn mọ̀ pé àwọn fa ògiri síwájú. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́yà kan tó bá wọn tẹ̀ ẹ́ ní kí wọ́n fi kún un nísàlẹ̀ pé bí irọ́ tàbí àṣìṣe bá wà nínú ẹyọ kan, kí gbogbo rẹ̀ di òfo. Ó ní ìyẹn ni yóò jẹ́ kí ìgbìmọ̀ mọ̀ pé ọkàn wọn mọ́. Tíṣà buwọ́ lù ú, Rẹ́gí buwọ́ lù ú tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ náà àwọn ènìyàn ń kí i lójú pópó bíi pé ó ti bí ìbejì. Ó délé, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín lójijì.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" ni ìyá bèèrè.

"Kò sí, Màmá. Iṣẹ́ kan ló bọ́ sí i."

Ìgbìmọ̀ jókòó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n fi táìsì tẹ́ nílẹ̀. Obìnrin oníjígí kan ni alága wọn. Ohùn rẹ̀ tutù, kò sì jọ ìkà. Èyí ló tilẹ̀ ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, pé kò sí ìkà kan níbẹ̀ téèyàn ìbá nàka sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, sọ̀féyọ̀ ìgbìmọ̀, dìde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Ó ní, "Mo wọn gbogbo ilé mọ́kànlélógójì, Mà. Kò sí ọ̀kan tí iye tiwọn bá tiwa mu. Gbogbo tiwọn ló fi bí ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀ jù. Mọ́kànlá péré ló wà lẹ́yìn ìlà lóòótọ́."

Gbọ̀ngàn náà hó. Bíríkìlà kígbe pé òpùrọ́ ni. Alága kan tábìlì.

"Ta ló wọ̀n ọ́n fún yín?"

Rẹ́gí dìde. Kò bẹ̀rù rárá lákòókò yẹn, ìbínú ló ń bí i. Ọgbọ̀n ọdún, kí ọmọ àná kan wá máa sọ pé kò mọ ìdiwọ̀n! Ó yọ tẹ́ẹ̀pù lọ́rùn.

"Ẹ jẹ́ kí n wọn ibí yìí lójú gbogbo yín, Mà."

Wọ́n fún un láyè. Ó kúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ ògiri, ó na tẹ́ẹ̀pù lórí táìsì, ó fàmì, ó gbé e, ó fà á sẹ́yìn, ó tún nà án. Nígbà tó kan ògiri kejì, ó dìde, ó ní, "Ogún ẹsẹ̀ bàtà àti ínṣì mẹ́jọ."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò pariwo. Ó ní, "Màmá, táìsì kọ̀ọ̀kan tó wà nílẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ bàtà kan gẹ́lẹ́ ni. Ẹ kà á."

Gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ẹlòmíràn ń fi ìka kà, ẹlòmíràn ń fi ẹnu kà á jáde. Ogún ni. Wọ́n tún un kà. Ogún géérégé. Rẹ́gí wo ilẹ̀, ó wo àmì ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ mẹ́rin, ó sì wá rí ọwọ́ ara rẹ̀ bí ìgbà téèyàn bá rí olè nínú yàrá. Ó tún kúnlẹ̀. Ó gbé orí tẹ́ẹ̀pù síbi àmì àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ fà á sẹ́yìn bí ìka méjì kó tó lè dá a dúró.

"Kí lẹ fà á sẹ́yìn fún, Màmá?"

"Kí abẹ́rẹ́ lè rí nǹkan jẹ," ló dáhùn. Ó ti sọ ọ́ tán kó tó mọ̀ pé òun sọ ọ́.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹ̀rín kúkurú tó kú síbẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ yọ jígí, ó nu ojú rẹ̀, ó sì ka ìlà ìsàlẹ̀ ìwé wọn sókè, èyí tí lọ́yà ní yóò fi ọkàn mímọ́ hàn. Ó ní òun gbà pé kò sí ẹni tó fẹ́ purọ́, pé àṣìṣe ò kan ọgbọ́n, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ ọ́, tí wọ́n sì buwọ́ lù ú. Ìwé náà ti di òfo. Kò sì sí àyè fún òmíràn, ọjọ́ ti kọjá.

"Àwọn mọ́kànlá ńkọ́, Mà?" ni Tíṣà bèèrè.

"Wọ́n wà nínú ìwé kan náà, bàbá."

Bí wọ́n ṣe ń jáde ni Rẹ́gí di apá aṣọ ọ̀dọ́mọkùnrin sọ̀féyọ̀ mú. Ó bi í pé ẹsẹ̀ bàtà mélòó ni ilé òun lóòótọ́. Ọmọ náà ṣí ìwé rẹ̀, ó wò ó, kò fẹ́ sọ ọ́.

"Mẹ́rìndínláàádọ́ta, Mà. Ilé yín ò sí lójú ọ̀nà rárá."

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ká ní kò wọ̀n ọ́n rárá, ká ní ó jókòó sílé tó ń rán aṣọ rẹ̀, ìbá ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn gba ilé náà là. Ọ̀rọ̀ yìí ni Rẹ́gí ń jẹ lẹ́nu, tó ń tún un jẹ, títí dé ilé.

Àwọn ará àdúgbò kò lù ú. Ohun tí wọ́n ṣe burú ju lílù lọ. Ní ọjọ́ kejì, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wá kó aṣọ wọn lọ, èyí tó ti gé àtèyí tí kò tíì gé. Wọn ò bú u. Wọ́n kàn ń ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú u lọ ná." Bíríkìlà nìkan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó sọ ọ́ jáde.

"Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́! Tẹ́ẹ̀pù mi gé lórí, ṣùgbọ́n kò parọ́ rí!"

"Rọra sọ̀rọ̀," ni Rẹ́gí wí. "Màmá wà nínú ilé."

Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn Rẹ́gí, ó rí ìyá arúgbó tó ń fọwọ́ tọ ògiri bọ̀ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́ kejì. Ó gbé ẹnu rẹ̀ pa, ó lọ. Ìyá bèèrè ẹni tó ń jà. Ọmọ ní oníbàárà kan ni, ó ní aṣọ òun fún òun láyà.

"Láti ọwọ́ rẹ? Onítọ̀hún sanra ni, wí fún un."

Ọjọ́ tí katakata máa dé, àwọn obìnrin àdúgbò ní àwọn yóò di ara wọn lọ́wọ́ mú kọjá lórí títì, kí ẹ̀rọ náà má lè wọlé. Rẹ́gí ti tètè gbé ìyá rẹ̀ lọ sí yàrá kan tó háyà ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ó purọ́ fún un pé wọ́n fẹ́ tún òrùlé ṣe, pé ọjọ́ díẹ̀ ni àwọn yóò lò níta. Òun fúnra rẹ̀ padà wá, ó lọ nawọ́ sí obìnrin tó wà ní ìpẹ̀kun ìlà. Obìnrin náà, ẹni tí Rẹ́gí ti ń rán aṣọ fún láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge, fi ọwọ́ rẹ̀ sápò. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbòmíràn." Rẹ́gí lọ dúró síbòmíràn. Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n fín tajútajú sí wọn lójú, ìlà náà túká, kálukú ń wá ẹrù rẹ̀ kiri. Lójú rẹ̀ ni katakata fi ti ògiri iwájú yàrá náà wọlé. Yàrá tí ọgbọ̀n ọdún wà nínú rẹ̀, ó wó láàárín ìgbà téèyàn fi lè fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Ó sunkún níbẹ̀, kò sì fi ojú pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá háyà náà wà, nínú ilé tí èrò pọ̀ sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló wà níwájú rẹ̀, bókẹ́ẹ̀tì àti sítóòfù àwọn ayálégbé wà káàkiri ilẹ̀, wọ́n ń gbé e síbí lónìí, wọ́n ń gbé e sọ́hùn-ún lọ́la. Ilé ìtọ̀ wà nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ìyá fọwọ́ tọ ògiri jáde, ó gbẹ́sẹ̀ lé ìkòkò ẹnìkan, omi gbígbóná dà sí i lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ náà, orí bẹ́ẹ̀dì ló ń jókòó sí. Kò po tíì mọ́. Kò ká aṣọ mọ́. Ó gbé ike kan sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ìtọ̀, bó bá sì ti gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ jáde ni ó ń lò ó, á sì fi aṣọ bò ó.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Òrùlé wo ni wọ́n ń tún ṣe fún ọjọ́ mẹ́sàn-án? Ṣé ààfin ni? Mú mi lọ sílé."

Rẹ́gí gbé áyọ́ọ̀nù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti ní irọ́ mìíràn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ mọ́.

"Ilé ò sí mọ́, Màmá. Wọ́n ti wó o nítorí títì."

"Ta ní wó o?"

"Ìjọba ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo wọ̀n ọ́n."

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ọ̀dà pupa dé orí táìsì. Kò fi ìka méjì náà pamọ́. Ìyá gbọ́ ọ tán, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan. Kò bú u. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú, sínú afẹ́fẹ́, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

"Wá fà mí lọ́wọ́," ló wí. "Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Mi ò fẹ́ lo ike yẹn mọ́."

Rẹ́gí di ọwọ́ náà mú. Wọ́n gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ ti bókẹ́ẹ̀tì àwọn aládùúgbò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè. Àtẹ̀gùn kan rèé. Òmíràn tún rèé." Ìyá ń tẹ̀ lé e bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Wọn ò tíì dé ìdajì àtẹ̀gùn tí ìyá fi dúró.

"Ìtọ̀ ti bọ́," ló wí. "Jẹ́ ká padà."